Lẹ́tà Kan Tí Kò Yí Ìtumọ̀ Padà

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí lẹ́tà kan ṣoṣo kò jẹ́ kí n sinmi. Mo bá a pàdé nínú àlàyé kan nípa SMA (spinal muscular atrophy), àìsàn kan tó ń bá àwọn ọmọ ìkókó jà, lálẹ́ ọjọ́ tí mo ti fi gbogbo ọ̀sán ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, ìyẹn títún àwọn ìwé àtijọ́ kọ sí àkọtọ́ òde òní.

Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ bó ṣe ń lọ. “Aiye” á di “ayé”. “Enia” á di “ènìyàn”. “Yio” á di “yóò”. Lẹ́tà ń yí, ọ̀rọ̀ ò yí. Ẹni tó ka “aiye” àti ẹni tó ka “ayé”, ohun kan náà ni wọ́n kà, bákan náà sì ni ẹnu wọn ṣe pè é. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi máa ń balẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo ti gbà tipẹ́ pé bí ìtumọ̀ ò bá ti yí, nǹkan kan ò bàjẹ́.

Ohun tí mo kà lálẹ́ ọjọ́ náà kò bá ìgbàgbọ́ yẹn mu rárá. Nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ SMN2, lẹ́tà kan wà tó yẹ kó jẹ́ C, àmọ́ T ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì fi ń ka jíìnì, mẹ́ta kọ̀ọ̀kan sì ń pe èròjà kan tí wọ́n máa fi kọ́ purotéènì. TTC ló yẹ kó wà níbẹ̀. TTT ló wà. Èròjà kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń pè, phenylalanine. “Aiye” di “ayé”, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, lẹ́tà yìí ló fà á tí SMN2 kò fi lè gba ọmọ tó pàdánù SMN1, jíìnì ìkejì rẹ̀, là.

Báwo ni ohun tí kò yí ìtumọ̀ padà ṣe lè dúró láàárín ọmọ àti ìyè? Mo gbé ìbéèrè yẹn sùn, mo gbé e jí, títí mo fi jókòó wá ìdáhùn rẹ̀.

Àwọn tó ń gé

Kí n má fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí a ti kọ́ nílé ẹ̀kọ́, pé sẹ́ẹ̀lì máa ń da ọ̀rọ̀ inú DNA kọ sínú RNA, tí RNA á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ purotéènì. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ ni pé ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣeé lò bó ṣe wà. Apá tó wúlò, tí wọ́n ń pè ní exon, fọ́n ká sáàárín apá gígùn tí kò ní bá wọn dé ìparí ìrìn àjò, tí wọ́n ń pè ní intron. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé intron kúrò, kí wọ́n sì so exon mọ́ exon láìṣi lẹ́tà kan. Gígé àti síso ni n ó máa pe iṣẹ́ yìí, àwọn èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é ni n ó sì máa pe ní àwọn tó ń gé.

Ọdún 1977 layé tó mọ̀ nípa rẹ̀. Àwùjọ méjì rí i nínú oríṣi fáírọ́ọ̀sì kan náà: ti Phillip Sharp ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Susan Berget àti Claire Moore, àti ti Richard Roberts ní ilé ìwádìí Cold Spring Harbor, pẹ̀lú Louise Chow, Thomas Broker àti Richard Gelinas. Wọ́n jẹ́ kí RNA lẹ̀ mọ́ DNA tó bí i, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíńtín di ńlá wò ó, wọ́n sì rí i pé DNA rọ́ jáde bí ojóbó láwọn ibì kan, nítorí RNA kò ní ohun tó lè fi dì í mú níbẹ̀. Ojóbó yẹn ni intron. Sharp àti Roberts gba àmì-ẹ̀yẹ Nobel ní 1993. Lójú tèmi, kò yẹ ká máa sọ ìtàn náà láìdárúkọ Berget àti Chow, torí iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà lára ohun tí ojóbó náà fi hàn síta.

Àgbà wà lọ́jà

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, àmọ́ mi ò tíì rí ibi tó ti bá ọ̀ràn mu wẹ́kú bí ibí yìí. Ọmọ tó ní àìsàn SMA, orí rẹ̀ ń wọ́ ní ti gidi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń pàṣẹ fún ẹran ara ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹran ara tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́ sì ń rọ. Bí wọ́n bá gbé ọmọ náà jókòó, ọrùn rẹ̀ ò gbé orí. Kò lè yíra padà. Ẹkún rẹ̀ ò lóhùn. Nígbà tó bá yá, wàrà kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun dáadáa mọ́, mímí náà á sì di iṣẹ́ àṣekára. Ojú ọmọ náà máa ń mọ́lẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Ó mọ ẹni tó gbé e, ó ń fi ojú tẹ̀ lé e káàkiri yàrá. Ibẹ̀ ló máa ń ká mi lára jù.

Nǹkan bí ọmọ kan nínú 10,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí. Kí oògùn tó dé, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó bá ní oríṣi rẹ̀ tó le jù, èyí tó máa ń yọjú kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà, kì í pé ọdún méjì láyé bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí.

Ní 1995, Judith Melki àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Faransé rí jíìnì tí àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní, SMN1. Wọ́n tún rí ìkejì rẹ̀ nítòsí, lórí krómósómù karùn-ún kan náà, SMN2, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́ lẹ́tà dé lẹ́tà. Ènìyàn nìkan la mọ̀ tó ní SMN2 nínú gbogbo ẹ̀dá. Kò sì sí ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú SMA tí kò ní ó kéré tán ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Àgbà wà lọ́jà, nígbà náà. Ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ọmọ náà, orí ọmọ sì wọ́ lójú rẹ̀.

Ní 1999, ìwádìí Christian Lorson, Elliot Androphy àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló so àgbà náà lọ́wọ́: lẹ́tà kẹfà nínú exon keje. Nítorí lẹ́tà yẹn, bí àwọn tó ń gé bá dé exon keje SMN2, wọ́n sábà máa ń kà á mọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n gé dànù. Wọ́n á so ìkẹfà mọ́ ìkẹjọ. Purotéènì tó bá jáde níbẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Nǹkan bí ẹ̀dà RNA kan nínú mẹ́wàá ló ń jáde ní pípé. Ẹyọ kan nínú mẹ́wàá yẹn ló ń gbé ọmọ náà dé ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Orí kẹrin

Ibí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn.

Ìwé àtijọ́ kan ni mo ń tún kọ, ó ní orí mẹ́jọ. Ẹni tó ń to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà ti ṣètò ẹ̀rọ rẹ̀ kó máa wá àkọlé orí kọ̀ọ̀kan bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́. Níbi tó bá ti rí àkọlé, á mọ̀ pé orí tuntun bẹ̀rẹ̀, á sì kó gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e wọlé. Àkọlé orí kẹrin ni “Aiye ati Enia”. Mo sọ ọ́ di “Ayé àti Ènìyàn”, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ wá àmì rẹ̀ tì. Ó fo orí náà látòkèdélẹ̀, ó so ìparí orí kẹta mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orí karùn-ún, ojú ìwé sì tẹ̀ léra wọn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́.

Òǹkọ̀wé náà ti dàgbà gan-an nígbà yẹn. Ó ṣí ìwé náà níwájú mi, ó ń wá orí kẹrin. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó rọra pa á dé, ó gbé e sórí itan rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, orí kẹrin sì padà sípò, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbàgbé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe pa ìwé yẹn dé.

Fún ọdún wọ̀nyí, ẹ̀rọ ni mo ń dá lẹ́bi. Mo ń sọ fún ara mi pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo ṣì kọ, òótọ́ sì ni. Alẹ́ tí mo ka ọ̀ràn SMN2 yìí ni ó tó yé mi pé iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe. Ó ń sọ fún òǹkàwé pé “ayé”. Ó tún ń sọ fún ẹni tó ń to ojú ìwé pé “mú mi dání, má fò mí”. Mo dá iṣẹ́ àkọ́kọ́ sí, mo ba ìkejì jẹ́ láìmọ̀ pé ó wà.

Iṣẹ́ kejì yìí gan-an ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Adrian Krainer ti ń wá kiri kí ọ̀ràn SMA tó kàn án rárá. Montevideo ní Uruguay ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard, òun wà lára àwọn tó fi hàn ní 1984 pé a lè mú kí gígé àti síso RNA ènìyàn ṣẹlẹ̀ dáadáa nínú ife ìwádìí, lẹ́yìn òde sẹ́ẹ̀lì. Ó dé Cold Spring Harbor, ní ìpínlẹ̀ New York, ní 1986. Nígbà tó di 1990, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ purotéènì kan sọ́tọ̀ tí wọ́n pè ní SF2. Iṣẹ́ SF2 ni pé kó jókòó sórí exon níbi tó bá ti rí àmì tó mọ̀, kó sì ké sí àwọn tó ń gé pé: èyí ò ṣe é gé dànù. Ohun tí wọ́n ń béèrè nígbà náà ni bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ ibi tó máa gé. Kò sí aláìsàn kankan nínú ìbéèrè náà.

Ní 2002, Krainer àti Luca Cartegni gbé ìdáhùn kan jáde: lẹ́tà kẹfà exon keje wà nínú ibi tí SF2 ń jókòó sí. Bí C bá ti di T, SF2 kò rí ìjókòó rẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa ké sí àwọn tó ń gé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Tsuyoshi Kashima àti James Manley ní Yunifásítì Columbia wo ọ̀ràn náà láti ìhà mìíràn. Wọ́n ní T tuntun yẹn ló ṣe àmì fún purotéènì mìíràn, hnRNP A1, tí òun ń sọ pé kí wọ́n fo exon náà. Ṣé àmì “mú mi dání” ló parẹ́ ni, àbí àmì “fò mí” ló yọjú? Mo fẹ́ràn àríyànjiyàn yẹn gan-an. Kò sí ohun tó ní kí lẹ́tà kan má lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ń pa “bẹ́ẹ̀ ni” rẹ́ tó sì ń kọ “bẹ́ẹ̀ kọ́” sójú ibẹ̀.

Ìyípadà tó dákẹ́ ni àwọn onímọ̀ máa ń pe irú èyí. Wọ́n ní ó dákẹ́ torí purotéènì kò gbọ́ ọ. Àwọn tó ń gé sì rèé, wọ́n ń gbọ́ ọ ketekete.

Ohun kan ṣì kù níbẹ̀ tó mú kí n dìde lórí àga. Iṣẹ́ wo ni purotéènì SMN pàápàá ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì? Iṣẹ́ Gideon Dreyfuss àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pennsylvania fi hàn pé òun wà lára àwọn tó ń to snRNP pọ̀, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí RNA àti purotéènì para pọ̀ sínú wọn, tí wọ́n sì jẹ́ ara ẹ̀rọ tó ń gé intron kúrò. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: SMN ló ń bá wọn rọ ọ̀bẹ, ọ̀bẹ yẹn náà ni wọ́n sì fi gé apá kan SMN dànù. A máa ń ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọ̀bẹ yìí dé èèkù ara rẹ̀.

Wọ́n bo ojú àmì

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí SMN1 bá ti sọnù, SMN2 ṣì wà, ìbéèrè sì wá di bí wọ́n ṣe máa mú kí àwọn tó ń gé fi exon keje rẹ̀ sílẹ̀. Láti 2004 ni Krainer àti Frank Bennett, tó wà ní ilé iṣẹ́ oògùn Isis tó ti di Ionis báyìí, ní California, ti jọ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Yimin Hua, nínú yàrá ìwádìí Krainer, wá fara balẹ̀ dán àwọn ègé kúkúrú wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ègé tí wọ́n ṣe kó lè lẹ̀ mọ́ RNA. Wọ́n bo ibì kan, wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sún díẹ̀, wọ́n tún bò ó, bí ẹni tó ń fi ìka kan ògiri láti mọ ibi tó ṣófo. Ní 2006, Ravindra Singh àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Massachusetts ti ròyìn àmì kan nínú intron tó tẹ̀ lé exon keje, tó ń sọ fún àwọn tó ń gé pé kí wọ́n fo exon náà. Orí àmì yẹn ni ègé tó ṣiṣẹ́ jù bà lé. Lẹ́tà méjìdínlógún péré ni gígùn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: wọn kò fọwọ́ kan lẹ́tà kẹfà yẹn. T ṣì ni. Ó wà níbi tó wà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn tó ń pariwo pé “ẹ fò ó” ni wọ́n bò lẹ́nu, ohùn tó kù sì tó láti mú exon keje dúró.

Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára èkúté, ó sì fa ẹ̀mí wọn gùn gan-an. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn ọmọ ìkókó. Inú omi ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún oògùn náà sí. Nínú ìdánwò tó kan àwọn tó ní oríṣi tó le, àwọn ọmọ kan gba oògùn, wọ́n sì kàn fi abẹ́rẹ́ kan ara àwọn yòókù lásán, kí òbí wọn má baà mọ èwo ni èwo. Nígbà tí wọ́n ka èsì, 37 nínú ọmọ 73 tó gba oògùn ti lè ṣe ohun tí wọn ò lè ṣe tẹ́lẹ̀: àwọn kan gbé orí, àwọn kan yíra padà, àwọn kan jókòó. Nínú ọmọ 37 tí kò gbà á, kò sí ẹyọ kan.

Mo ti ronú púpọ̀ nípa “kò sí ẹyọ kan” yẹn. Òbí ló gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan wá, láìmọ ìhà tí tirẹ̀ máa bọ́ sí. Bí wọn ò bá gbà láti wà nínú iye yẹn, a ò ní mọ̀ pé ohun tí ọmọ 37 tó gba oògùn lè ṣe jẹ́ iṣẹ́ oògùn náà. Ìdánwò náà kò dé ìparí tí wọ́n ti pinnu fún un; wọ́n tètè dá a dúró ní 2016 kí gbogbo ọmọ náà lè máa gba oògùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni FDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i. Nusinersen lorúkọ rẹ̀, Spinraza ni wọ́n ń tà á.

Iye tí wọ́n dá lé e nígbà tó kọ́kọ́ jáde ni 750,000 dọ́là fún ọdún àkọ́kọ́, àti ìdajì rẹ̀ lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Mo mọ̀ pé ìwádìí ń náni lówó. Mo tún mọ̀ pé owó ìlú wà nínú ìbéèrè tó bí oògùn náà, ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó máa di oògùn. Inú mi kò dùn sí iye yẹn, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé ó dùn. Àgbà ti lè na ọwọ́ báyìí, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ni ọwọ́ náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Oògùn náà kì í jí sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, nítorí náà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ṣe pàtàkì. Nínú ìwádìí mìíràn, wọ́n fún ọmọ 25 ní oògùn yìí kí àmì àìsàn kankan tó hàn lára wọn. Nígbà tí wọ́n ròyìn bí wọ́n ṣe ń ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan, gbogbo wọn wà láàyè, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn.

“Aiye” mìíràn

Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ lẹ́tà yìí, àfìgbà tí mo bá irú rẹ̀ pàdé nínú progeria, àìsàn tó ń mú kí ọmọdé máa gbó bí arúgbó. Ní 2003, àwọn olùṣèwádìí, tó fi mọ́ àwọn tó wà lọ́dọ̀ Francis Collins ní Amẹ́ríkà, rí ohun tó ń fà á: nínú jíìnì LMNA, GGC di GGT. Glycine ni méjèèjì ń pè. “Enia” di “ènìyàn”. Àmọ́ GGT yẹn mú kí àwọn tó ń gé rò pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n gé, wọ́n sì yọ èròjà àádọ́ta kúrò nínú purotéènì náà láìsí ẹni tó rán wọn. Mo ń ro ti ẹni tó jókòó níbì kan tó ń ka èsì àyẹ̀wò jíìnì ọmọ kan, tó rí ìyípadà bí irú èyí, tó ní kò yí ìtumọ̀, tó sì ṣí ojú ewé tó kàn.

Ìwé mìíràn ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ti àkọtọ́ àtijọ́ náà ni. Kí n tó fọwọ́ kan “aiye” àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, mo pe ọ̀dọ́kùnrin tó máa to ojú ìwé rẹ̀. Mo bi í pé, “Àwọn ọ̀rọ̀ wo lo fẹ́ fi ṣe àmì fún ẹ̀rọ rẹ?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n wò ó.”

Ó gbà wá ní nǹkan bíi wákàtí kan. Ó ń pè wọ́n lórí fóònù, mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé náà gan-an, láìtún ẹyọ kan ṣe. Mọ́kànlá ni wọ́n.